Àgò

Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá, lẹ́yìn tí oòrùn bá kọjá orí páànù ilé ìgbẹ̀bí,
Adékàńbí tó ń fi zémì gbé èrò láti Kétu lọ sí Ìlárá.
Awọ àgbálùmọ̀ tí wọ́n là sí méjì ló fi ṣe imú,
okùn rọ́bà ló fi so ó mọ́ etí.
Bàtà rẹ̀ kò bára mu: ọ̀kan ti sójà, ọ̀kan ti ìyàwó rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí kò jò,
ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, inú rẹ̀ ni gbogbo wa wà.
Kì í kí dókítà. Kì í kí Nọ́ọ̀sì Klẹmantíìnì.
Irin tí wọ́n gbé omi kọ́ ló kọ́kọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún:
"Ẹ kú ìdúró o, àna mi.
Ẹ mà gbẹ o. Ṣé ìyàwó yín kì í se oúnjẹ ni?"
A kí fáànù tí kò yí láti ìjẹta ọdún: "Ẹ kú ìsinmi."
A kí póò abẹ́ ibùsùn: "Ẹ kú ìfaradà."

Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi wà nínú símẹ́ńtì funfun,
àgbàdo mi ń gbẹ lóko, kò sẹ́ni tó máa ya á,
ọkùnrin kan wá gbé imú èso dúró níwájú mi.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan símẹ́ńtì náà, kó, kó, kó:
"Àgò onílé o!"
Mo pa ẹnu mọ́. Mo wo ògiri.
Ó gbé etí lé e. "Wọ́n wà nílé. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ-ìka ẹsẹ̀.
Àgò o!"
Ẹni tí wọ́n bí ní Kétu,
ìlú tó ní Àkàbà, tó mọ ohun tí ìlẹ̀kùn wà fún,
ẹnu rẹ̀ kì í gbàṣẹ kó tó dáhùn.
"Àgò yà," ni mo wí,
wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú,
ẹ̀rín gún mi légungun bí ìṣó. Mo tún rín.

Ìlúfóyè ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọmọ ọdún méje.
Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí ojú abẹ,
ni Adékàńbí bá ń wọn ẹ̀fẹ̀ fún un bí òògùn:
ṣíbí kan, kó dúró,
kó wo ojú nọ́ọ̀sì, kó tó bu ìkejì.
Ọmọ náà a fi ìrọ̀rí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Ìyá Ṣọlárìn ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rárá.
Ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Adékàńbí kí i, ó kí ìborùn rẹ̀, ó kí eṣinṣin tó bà lé ìborùn.
Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo òjò tí kò ní rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin, wọ́n ti tẹ́ aṣọ mìíràn sórí ibùsùn Ìlúfóyè.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.
Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún irin omi kó tó rí i.
Ó dúró bẹ́ẹ̀, ìdajì ìdọ̀bálẹ̀, ọwọ́ kan nílẹ̀.
Mo rò pé yóò padà sídìí zémì rẹ̀.
Ó dìde. Ó rìn débẹ̀.
Ó fi ìka kan irin ibùsùn náà, jẹ́jẹ́. Kó. Kó.
"Àgò."

Omi ń kán nínú rọ́bà.
Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn ilé.
Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ohùn tó ti dípẹtà:
"Àgò yà. Wọlé, ọmọ mi, jókòó.
Kí o sì bọ́ imú yẹn fún mi,
n kò tíì fẹnu kan àgbálùmọ̀ lọ́dún yìí."

Nọ́ọ̀sì Klẹmantíìnì dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n,
n kò béèrè bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.
Adékàńbí tú okùn létí.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí imú rẹ̀ gan-an nìyẹn,
imú ọkùnrin lásán, ó ti ń ṣomi.
Ìyá Ṣọlárìn jẹ ẹ́ tawọtawọ.
"Ó kan," ó ní. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó dùn ni kó o mú wá."